Ẹ̀jẹ̀ Ewúrẹ́ Lẹ́nu Ọ̀nà Alájì Bouziane

Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ iná Hasi Lekhal pa iná èédú rẹ̀, gbogbo ìlú ló jáde wá wòran. Àwọn obìnrin gun orí òrùlé, àwọn àgbà to ìjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mọ́ṣáláṣí. Òpó èéfín tó ti ń tú èéfín dúdú lé wa lórí fún ogójì ọdún tú díẹ̀ sí i, ó wúkọ́ bí arúgbó, ó dákẹ́. Àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́. Bakhta, opó kan láàárín wa, kò ṣe èyíkéyìí níbẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń wò láàárín èrò, ìyẹn Alájì Bouziane, tó wọ jèlábà funfun gbòò, tó dúró ti ọ̀gá ilé-iṣẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló dá oòrùn.

Ẹ ò rí ayé bí? Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin yìí fi ń ta èédú fún ilé-iṣẹ́ iná, Alájì Èédú ni tọmọdé tàgbà ń pè é, ó sì ti di Alájì Sólà láàárín oṣù mẹ́ta. Ó ti ta gbogbo lọ́rì èédú rẹ̀ pátá, ó ti ra táńkà omi mẹ́fà, ó kun wọ́n ní àwọ̀ ewé. Nítorí pé ilé-iṣẹ́ ti to sólà sí pápá tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí àgùntàn wa ti ń jẹko tẹ́lẹ̀, ó lọ rẹrẹ títí ojú kò fi tó òpin rẹ̀. Eruku sì ni ọ̀tá sólà. Bí wọn kò bá fi omi fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀, kò ní mú iná wá. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ omi yẹn, òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò jẹ níbẹ̀, Alájì sì ti la ẹnu sílẹ̀ dè é.

Ohun kan ló dí i lọ́nà. Àwọn òyìnbó tó ń náwó sí iṣẹ́ sólà náà ti sọ fún ilé-iṣẹ́ pé àwọn ò fẹ́ ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá bá ilé-iṣẹ́ ṣòwò èédú rí, tó sì fẹ́ bá wọn débi ti oòrùn, àfi kó mú ìwé àlàáfíà wá lọ́dọ̀ ẹbí gbogbo ẹni tó kú sínú kànga èédú rẹ̀, pé àwọn kò bá a jà mọ́. Ẹbí méje ni ti Alájì. Mẹ́fà ti tẹ̀ka: òmíràn gba màlúù, òmíràn gba ìlérí pé ọmọ rẹ̀ á wa táńkà, ó sì ti rẹ àwọn ìyókù ni. Ó wá ku Bakhta.

Bakhta ní òun kò ní tẹ ìka òun sórí ìwé kankan.

Kí ẹ má baà sọ pé obìnrin yẹn le láyà lásán, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ọdún kẹtàlá rèé. Miloud ọkọ rẹ̀ àti Lakhdar ọ̀rẹ́ Miloud, kànga èédú Alájì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Kànga tí à ń wí yìí kì í ṣe kànga omi. Ihò tóóró ni, okùn ni wọ́n fi ń sọ èèyàn kalẹ̀, tó bá dé ìsàlẹ̀ á wá máa fi àyà fà bí alángbá, á máa gbẹ́ èédú. Alájì ló ní ìwé àṣẹ, Alájì ló ń ra èédú náà ní owó tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú kànga rẹ̀ tí kò sí nínú ìwé àṣẹ kankan. Abẹ́ ojú irin reluwé ilé-iṣẹ́ ló gbẹ́ ẹ gbà, èèwọ̀ pátápátá sì ni. Inú ìyẹn ni ilẹ̀ ti ya lé Miloud lórí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Lakhdar ti ń jáde bọ̀ ní tirẹ̀, igi kan já lù ú lórí, Alájì sì fi lọ́rì ara rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nílùú Ujda. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi mọ ibi tó wà.

Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n bi Alájì pé kànga wo ló wó. Alájì nawọ́ sí òmíràn lókè lọ́hùn-ún, èyí tí ìwé rẹ̀ pé. Odidi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gbẹ́ ibi tí kò sí ẹnìkan. Lọ́jọ́ kẹta ni ajá darandaran kan lọ ń gbó lẹ́bàá ojú irin, ni wọ́n bá gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n sì gbé Miloud jáde, òkú ni. Dókítà wò ó fìrí, ó ní lójú ẹsẹ̀ ló kú. Alájì ní àṣìṣe ni, pé ìbànújẹ́ ló dà òun lórí rú, pé kànga òun ti pọ̀ jù. Ó tún sunkún níbi ìsìnkú, ó sunkún ju ìyá òkú lọ.

Kí ogójì ọjọ́ tó pé, ó fa àgbò kan wá sí ẹnu ọ̀nà bàbá Miloud, ó sì dú u síbẹ̀ lójú àwọn àgbà. Àṣà wa nìyẹn. Bí ènìyàn bá ta ẹ̀jẹ̀ ẹran sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ lójú ẹlẹ́rìí, ohun tó bá bẹ̀ ọ́, ṣíṣe ni wàá ṣe é. Bí o bá kọ̀, ẹ̀jẹ̀ yẹn di ègún sí ọ lọ́rùn, ará ìlú kò ní kí ọ, wọn kò ní fọ́mọ fún ilé rẹ. Àforíjì ni Alájì tọrọ. Bàbá ọkọ Bakhta gbà, ó ní òun ti dárí jì í lórúkọ gbogbo ilé. Wọ́n jẹ ẹran àgbò náà tán, wọ́n nu ẹnu, ọ̀rọ̀ parí. Kò sẹ́ni tó bi opó léèrè pé kí lo rí sí i.

Ìgbà tí Lakhdar wá jí tán, tó padà sílé, ó wá jókòó ti Bakhta. Ó ní nínú lọ́rì, kí ojú òun tó ṣú, òun sọ fún Alájì ní etí rẹ̀ pé Miloud wà nísàlẹ̀ lábẹ́ ojú irin. Bakhta sáré lọ bá àwọn àgbà. Wọ́n ní orí Lakhdar ti fọ́, wọ́n ní ta ló ń gba ọ̀rọ̀ olórí fífọ́ gbọ́, wọ́n sì ní àforíjì ti wáyé. Láti ọjọ́ náà ni Bakhta ti ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun jáde. Ó ń kí Alájì lọ́nà. Ó ń kí ìyàwó rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé, kì í ṣe owó, kì í ṣe màlúù: ó fẹ́ kí Alájì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lójú ayé pé òun mọ̀.

Nígbà tí Alájì rí i pé ìwé àlàáfíà kò délé, ó kọ́kọ́ rán èèyàn. Lẹ́yìn náà ló wá fúnra rẹ̀, ó gbé ṣúgà páálí kan àti tíì dání, ó jókòó sórí àkéte Bakhta, ó ń fa ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ lọ sọ̀rọ̀ bọ̀. Ó ní ayé èédú ti lọ, kí Ọlọ́run bá wa sin ín, pé oòrùn kò ní kànga, oòrùn kì í wó pa ẹnikẹ́ni. Ó ní Zoulikha ọmọ Bakhta náà á ríṣẹ́ níbẹ̀. Bakhta bu tíì fún un, ó gbọ́ ọ tán.

Ó ní, "Alájì, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín. Ẹ mọ̀, àbí ẹ ò mọ̀?"

"Ìyá Zoulikha, ọ̀rọ̀ àná lẹ tún gbé dé yìí. Mo ti ní àṣìṣe ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ mu tíì yín kó má tutù."

Bí Alájì ṣe jáde báyìí, Bakhta gbé ṣúgà náà fún àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n lá a tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dun Bakhta ni ti Zoulikha. Ẹni ogún ọdún ni, oṣù mẹ́sàn-án ló fi kọ́ iṣẹ́ sólà ní Ujda, ó mọ bí wọ́n ṣe ń so wáyà rẹ̀ mọ́ra, ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e ró, òun nìkan sì lobìnrin láàárín ọkùnrin méjìlá. Ilé-iṣẹ́ sì ti sọ pé àwọn kò ní gba òṣìṣẹ́ kankan wọlé títí tí ọ̀rọ̀ omi yóò fi yanjú. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú mọ ẹni tó dí ọ̀nà. Bí Bakhta bá lọ ra búrẹ́dì, wọ́n á máa béèrè lẹ́yìn rẹ̀ pé ta ló so oòrùn mọ́lẹ̀, wọ́n á sì máa dá ara wọn lóhùn pé opó kan ni. Zoulikha bínú débi pé kò bá ìyá rẹ̀ jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ló wá tú u síta. Ó ní òkú ti kú, òun ló wà láyé. Ó ní bàbá òun kò lè fẹ́ kí òun jókòó sílé máa da ewúrẹ́.

Ìyá rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ọmọ ọdún méje ni ọ́ nígbà yẹn. O ò mọ ohùn rẹ̀ mọ́. Èmi mọ̀ ọ́n. Tó bá ṣe pé mo tẹ ìka mi sórí ìwé yẹn, mo ti fọwọ́ sí i pé irọ́ ni Lakhdar pa, pé bàbá rẹ kú lásán. N kò lè ṣe é, ọmọ mi. Bínú sí mi."

Zoulikha sì bínú sí i lóòótọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Baba Maamar, tó dàgbà jù nínú ìdílé wa, tẹ̀pá wá sílé Bakhta. Kò jókòó pẹ́. Ó ní Alájì ti ra akọ màlúù, pé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yóò fà á wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, yóò sì fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ̀ka sí ìwé. Ó kìlọ̀ fún un kó má jáde nílé lọ́jọ́ náà, nítorí ẹni tó bá sá fún ẹ̀jẹ̀, ìtìjú rẹ̀ ju ti ẹni tó kọ̀ ọ́ lọ. Ó káàánú rẹ̀, èyí hàn lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà ni àṣà.

Bakhta mọ̀ pé ọ̀bẹ ti dé ọrùn òun. Àgbò ni wọ́n fi pa ẹnu rẹ̀ dé lákọ̀ọ́kọ́, màlúù ni wọ́n fẹ́ fi pa á dé pátápátá báyìí. Ó rọra bi Baba Maamar pé níbo làwọn àgbà á ti pé jọ.

"Ilé Alájì náà ni. Wọ́n á jẹun àárọ̀ níbẹ̀, ká tó jùmọ̀ gbéra wá síbí."

"Ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ ń kọ́?"

"Ìyẹn Ihsane? Òun náà á wà níbẹ̀ pẹ̀lú fáìlì ìwé àlàáfíà. Alájì fẹ́ kí o tẹ̀ka kí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ."

Bakhta ní kò burú, ó sin baba dé ẹnu ọ̀nà, ó bá a di okùn bàtà rẹ̀. Nígbà tó wọlé padà, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ ti bá a pe gbogbo ẹlẹ́rìí, ó ti bá a gbọ́ oúnjẹ fún wọn, ó ti tún pe ilé-iṣẹ́ iná wá jókòó láàárín wọn. Àwọn olówó a máa ṣe irú àṣìṣe yìí. Wọ́n ti lo àṣà pẹ́ débi pé wọ́n rò pé àwọn nìkan ló wà fún. Kò tiẹ̀ wá sọ́kàn Alájì rí pé opó náà ní ewúrẹ́ nílé.

Ó lọ bá Lakhdar. Èédú ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró Lakhdar tán, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá kò lè rìn láìdúró mí. Bakhta ní òun fẹ́ kó bá òun di ọ̀bẹ mú láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó sì sọ ẹnu ọ̀nà tó jẹ́. Lakhdar kò bi í léèrè ìdí. Ó ní kó jẹ́ kí àwọn tètè gbéra ni, nítorí òun á pẹ́ lójú ọ̀nà.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn tutù, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan sára àwọn sólà lápá ìlà-oòrùn, ó ń kọ mànà. Bakhta tú ewúrẹ́ dúdú, èyí tó ń fún un ní wàrà. Zoulikha jáde pẹ̀lú irun wúruwùru, ó bi í pé níbo ló ń mú ẹran lọ. Bakhta sọ fún un. Ọmọ náà dúró sójú kan, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Lakhdar tó fara ti ògiri tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ó ní, "Tí iṣẹ́ yìí bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ojoojúmọ́ ni màá máa rán yín létí."

"Máa rán mi létí."

Zoulikha gba okùn ewúrẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ lè ráyè di Lakhdar lápá mú. Báyìí ni àwọn mẹ́ta ṣe gba àárín ìlú kọjá. Ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n dúró kí Lakhdar lè mí. Àwọn tó rí wọn rò pé ọjà ẹran ni wọ́n ń lọ.

Nílé Alájì, wọ́n ti ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu. Àwọn àgbà jókòó yí tábìlì ká nínú àgbàlá, wọ́n ń fi búrẹ́dì bọ epo ólífì, tíì ń hó. Ihsane ẹnjiníà jókòó sápá kan, ó gbé fáìlì lé orúnkún, ó ń wo aago. Akọ màlúù wà lórí ìso níta, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Alájì fúnra rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń sọ fún àwọn tó fẹ́ fa màlúù bí wọ́n ṣe máa to. Nígbà tó rí Bakhta lọ́ọ̀ọ́kán, ojú rẹ̀ tàn. Ó pe àwọn tó wà nínú ilé, ó ní ẹ wá wo obìnrin rere, kò tiẹ̀ jẹ́ ká dààmú, ó ti wá ṣe àlàáfíà fúnra rẹ̀.

Bakhta kò kí i. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lakhdar kúnlẹ̀, ó kọ orí ewúrẹ́ sí kíbúlà, ìhà Mẹ́kà, ó ní Bísímílá, ó sì dú u. Ẹ̀jẹ̀ tú yàà sórí òkúta ẹnu ọ̀nà, ó ta sí bàtà aláwọ̀ ìyeyè tí Alájì wọ̀.

Alájì fò sẹ́yìn. "Kí lèyí?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni. Ṣé o ò mọ̀ ọ́n mọ́ ni?"

Bakhta gbé ohùn sókè kí ẹni tó wà lẹ́yìn náà lè gbọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, Alájì ló pè yín, kì í ṣe èmi, ẹ jẹ́rìí sí i. Bouziane, n kò tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ. N kò tọrọ màlúù. Mo fi ẹ̀jẹ̀ yìí bẹ̀ ọ́: sọ ohun tí o mọ̀ lọ́jọ́ tí kànga abẹ́ ojú irin wó. Sọ ọ́ tán. Má fi ìkankan pamọ́."

Alájì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú. Ó yíjú sí àwọn àgbà, ó ní kí wọ́n bá òun gbé òkú ewúrẹ́ kúrò lọ́nà, pé ti màlúù ni gbogbo èèyàn tìtorí ẹ̀ wá, pé láti ìgbà wo ni obìnrin ti ń ta ẹ̀jẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin. Kò sẹ́ni tó dìde. Baba Maamar gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ̀pá wá títí dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ dé, ó sì wò ó dáadáa.

Ó ní, "Ìyá mi ta ẹ̀jẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin rí, mo wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀ là á kọ́kọ́ dá lóhùn, Alájì. Bí o bá kọ tirẹ̀, a ò lè tẹ̀ lé màlúù rẹ lọ sílé rẹ̀. Bí o bá sì purọ́ lé e, ìwọ náà mọ ohun tó ń ṣe ilé òpùrọ́."

Ó mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá purọ́ lórí ẹ̀jẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ọmọ rẹ̀ ló ń bá a jìyà rẹ̀. Alájì gbà á gbọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí òun ló ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ mú àwọn ẹlòmíràn nínú pàkúté náà. Ó wo Ihsane, ó wo fáìlì. Ó wo àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹnìkan á yọ òun. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀ nínú òtútù yẹn.

"Lakhdar sọ fún mi," ó ní. "Nínú lọ́rì."

"Tẹ̀ síwájú."

"Mo mọ̀ pé ó wà nísàlẹ̀. Bí mo bá júwe ibẹ̀ fún ọlọ́pàá, wọ́n á gba ìwé àṣẹ mi. Mo ní kí n fi ọjọ́ kan sí i, pé lọ́la màá ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí."

"Tẹ̀ síwájú."

Ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀. "Mo lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní. Mo dẹ etí sílẹ̀. Ó ń fi irin lu òkúta."

Ọdún mẹ́tàlá ni Bakhta ti fi gba ọ̀rọ̀ dókítà gbọ́, pé lójú ẹsẹ̀ ni Miloud kú. Ìyẹn nìkan ló ń tù ú nínú. Ohun tó wá gbọ́ kì í ṣe ohun tó wá wá. Zoulikha di apá rẹ̀ mú. Bakhta ti débẹ̀, kò sì ní padà láìgbọ́ ọ tán.

"Ìgbà wo ló dákẹ́?"

"Má jẹ́ kí n sọ ìyẹn, Ìyá Zoulikha. Mo bẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀. Ìgbà wo?"

"Ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn ìrun alásárì."

Bakhta ka ọjọ́ náà lọ́kàn, ó sì rí ibi tó wà ní wákàtí yẹn. Ó yíjú sí àgbàlá, ó nawọ́ sí igi èso pómégíránétì tó wà níbẹ̀. Ó ní, "Abẹ́ igi yẹn ni mo wà. Ìyàwó rẹ kó àwa obìnrin jọ síbí láti ṣàdúà kí wọ́n rí ọkọ mi. A kírun alásárì tán, ẹ gbé kúskúsì sílẹ̀. Ìwọ Bouziane, ìwọ fúnra rẹ lo wá bu ẹran síwájú mi. O ní kí n jẹun, kí n lè lágbára. Mo jẹ ẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tu búrẹ́dì ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn yòókù dìde kúrò nídìí tábìlì, wọ́n nu ọwọ́ wọn mọ́ aṣọ, kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kan oúnjẹ náà. Ihsane dìde. Omi ti kún ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó ní ilé-iṣẹ́ kò ní ṣe iṣẹ́ omi náà pẹ̀lú Alájì mọ́ láéláé, pé gbogbo ohun tí òun gbọ́ ni òun máa kọ, àwọn ọlọ́pàá á sì kà á. Ó sọ fún Zoulikha pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan iṣẹ́ tirẹ̀, kó wá rí òun lọ́jọ́ Ajé. Zoulikha ń wo Alájì, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń wò ó láti ọdún mẹ́tàlá ló ṣe ń wò ó báyìí.

Ìyàwó Alájì, Rabha, ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ó jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ kọjá láìwò ó, ó fẹsẹ̀ dá ẹ̀jẹ̀ náà kọjá, ó forí lé ilé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Lakhdar jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá òkú ewúrẹ́, ó ń mí. Ó ní kí Bakhta dárí ji òun pé òun kò tètè jí. Bakhta gbé ọwọ́ lé e lórí.

Ìgbà yẹn ni Alájì kúnlẹ̀. Kò bìkítà fún jèlábà funfun rẹ̀ mọ́, ó kúnlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ gan-an. Ó ní, "Mo ti ṣe ohun tí o bẹ̀ mí. Mo ti sọ ọ́ tán lójú gbogbo ayé. Kí lo tún fẹ́? Ṣé kí n kú ni? Sọ ọ́, kí n kú."

Bakhta wò ó. Bí mo bá ní inú rẹ̀ kò dùn, irọ́ ni mo pa. Inú rẹ̀ dùn, ó dùn ún, ó sì korò lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ó dùn.

Ó ní, "Kí o kú ṣe kí ni? Rárá o. Èmi kò ní gégùn-ún fún ọ, Bouziane. Àdúrà ni màá gbà fún ọ."

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ bí a ṣe ń ṣe é.

"Ọlọ́run jẹ́ kó o pẹ́. Kó o pẹ́ ju bàbá rẹ lọ, kó o pẹ́ ju bàbá bàbá rẹ lọ. Kí ara rẹ le, kí ojú rẹ máa ríran, kí etí rẹ máa gbọ́ràn. Nínú ìlú yìí náà ni kó o ti pẹ́, láàárín àwọn tó gbọ́ ọ lónìí."

Àwọn àgbà tó dúró níbẹ̀ ti gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n tó mọ̀, nítorí àdúrà ni, ẹnu wọn sì ti mọ́ ọn. Wọ́n dáhùn papọ̀ pé àmín, Baba Maamar ló sì dáhùn sókè jù.